Ẹ Bá Mi Yọ Orin Yẹn Kúrò

 Ewì lẹ máa ń bá lábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé yìí, mo mọ̀. Ẹ má bínú, ìjà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun, kó má wulẹ̀ wẹ̀yìn wò, òun gan-an ni mò ń bá wí. Tó bá yá, màá bá ara mi wí náà.

Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, ẹ rántí pé a ní kí oníkálukú fi fóònù rẹ̀ ya fíìmù kékeré kan wá, ká lè yan díẹ̀ nínú wọn fún alẹ́ ìṣeré wa. Ní Ọjọ́bọ̀ tí a wò wọ́n lára ògiri, mẹ́sàn-án ló wọlé. Nínú mẹ́jọ, wọ́n ń gbá ara wọn létí, wọ́n ń sunkún, ìyá ọkọ ń lé ìyàwó jáde. Ìkẹsàn-án ni tèmi: odò kékeré ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó sórí àpáta, tó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Mo gbé fóònù lé orí òkúta, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó fi parí. Ewé kan ń bọ̀ látòkè odò, ó dé ibi ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó dúró díẹ̀, ó yà á sílẹ̀, ó lọ. Ẹyẹ kan tí a kò rí ń ké. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú kẹta, ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi, kì í ṣe ojú fóònù o, ojú èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Omi yìí mà tutù o." Ó tán.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí súfèé fi bẹ̀rẹ̀. "Àbí ó ti há ni?" "Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ báyìí?" "Ẹ sún un síwájú jàre!" Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tí mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún, dìde dúró, ó pa á lówe: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní fíìmù kì í ṣe fọ́tò. Wọ́n ní kí n wá ìtàn kan fi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n fi orin àti ewì bò ó kó lè di nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òwe yẹn bẹ̀rẹ̀. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹṣin tí a bá gùn lódì, inú kòtò ló ń gbéni lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, tí kò ráhùn, ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Ẹjọ́ wo ni odò ń bá ẹnikẹ́ni ṣe? Àti pé ta ló ní odò dákẹ́? Omi ń dún, ewé ń dún, ẹyẹ ń ké, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń gbọn omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń súfèé ni ẹ ò gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sọ kì í ṣe pé kí ohùn má sí rárá. Kí ẹnu tiwa sinmi ni, kí ohùn yòókù lè ráyè. Bẹ́ẹ̀, òwe tó gbè mí náà wà. Ojú lọ̀rọ̀ wà: kí ló dé tí àwọn àgbà ò ní ẹnu lọ̀rọ̀ wà? Ìròyìn ò tó àfojúbà ńkọ́?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ti sọ igbó àti odò di ọ̀daràn nínú fíìmù wa. Ẹ rántí fíìmù Yorùbá mẹ́wàá tí ẹ wò kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti fi igbó hàn, ẹ ti mọ̀: aṣọ pupa ń bọ̀, èéfín ń bọ̀, ẹnìkan ń bọ̀ wá gba oògùn owó. Bí wọ́n bá fi odò hàn, obìnrin aláṣọ funfun máa yọ láàárín omi, tàbí kí wọ́n wá gbé òkú sọ síbẹ̀. Nínú mélòó ni ẹnìkan ti lọ sódò tó kàn jókòó? Tó kàn ń womi bí ẹni tí ara tù? Àwọn kan á ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà la ti kọ́ ọ, pé láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni igbó ti di ilé iwin. (Mo fẹ́ràn Fágúnwà, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Òun ló jẹ́ kí n wá ka Yorùbá, tí àbúrò bàbá mi ń bi mí títí dòní pé kí ni mo fẹ́ fi jẹun.) Ṣùgbọ́n igbó Fágúnwà, èèyàn lè fojú inú rìn nínú ẹ̀. Igbó inú fíìmù wa ò ní igi kankan, ìbẹ̀rù nìkan ló hù síbẹ̀. Lọ́dún 2005 ni UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àlejò ń ti òkè òkun wá jókòó síbẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ló ti jókòó síbẹ̀ rí láìṣe ọjọ́ ọdún?

Wọ́n tún ní nǹkan òyìnbó ni. Háà! Ta ló ń gun igi lóru, tó ń dákẹ́ títí di ìdájí, tó ń wo ibi kan ṣoṣo? Ṣebí ọdẹ ni. Ẹ lọ wo ìjálá. Bí wọ́n ṣe ń ki erin, ẹfọ̀n, ẹtu àti ọ̀bọ níbẹ̀, bí ẹranko ṣe ń rìn, bó ṣe ń wò, bó ṣe ń jẹun, ṣé ẹni tó ń pariwo ló rí ìyẹn? Ọdẹ tó bá ń kọrin bọ̀ látẹnu ọ̀nà oko, kò ní rí ẹran kankan kì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ó máa pa á.

Òyìnbó tí wọ́n ń sọ náà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, nígbà tí àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gbowó lọ́wọ́ èrò ní Paris láti wo fíìmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀kan, Auguste Lumière àti ìyàwó rẹ̀ ń fún ọmọ wọn lóúnjẹ níta gbangba. Kò sí ìjà. Wọ́n ní ohun tó ya àwọn kan lẹ́nu jù ni ewé igi tó ń mì lẹ́yìn wọn. Lọ́dún 1952, Margaret Tait, dókítà ọmọ Scotland tó tún jẹ́ akéwì, ya fíìmù ìyá rẹ̀ ní Orkney, Portrait of Ga, tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibì kan wà níbẹ̀ tí màmá náà ti ń tú bébà kúrò lára súìtì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń wò. Èmi tí n kò mọ màmá náà rí, tí n kò sì lè mọ̀ ọ́n mọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Abbas Kiarostami ńkọ́, tí kì í ṣe òyìnbó, ọmọ Ìráànì ni. Lọ́dún 2003 ó gbé kámẹ́rà sí etí òkun, ó jẹ́ kí ìgbì máa ti igi kékeré kan síwá sẹ́yìn. Níwájú, pẹ́pẹ́yẹ ń tò kọjá lọ, àfi gìrì tí wọ́n tún ń rọ́ padà bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún mi.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí kan ìṣẹ́jú mẹ́rin tó báyìí. Ó dáa. Ọ̀rẹ́ mi yẹn, kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, yàrá kan náà la jọ gbé lọ́dún kìíní. Oṣù Kejì ọdún 2022 la ya fíìmù náà, ọ̀sẹ̀ tí ASUU bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. A ní ká lọ jókòó sódò díẹ̀ kí a tó lọ wọkọ̀. Oṣù kan di oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí a fi máa wọlé padà ní oṣù Kẹwàá, àìsàn ti dá bàbá rẹ̀ dúbúlẹ̀, owó ti tán, òun náà ti lọ kọ́ iṣẹ́ táìlì. Iṣẹ́ náà ló ń ṣe ní Ìkòròdú títí dòní. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú ẹ̀ o. Ó ń rówó ju èmi tí mò ń kọ èyí lọ. Ṣùgbọ́n a ò tíì jọ jókòó sétí omi mọ́. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Tiwa ò pé ọdún kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló kù nínú eré wa.

Ó wá kàn mí wàyí. Ta ló ba fíìmù náà jẹ́? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n olówe. Èmi ni. Mo padà sí yàrá, mo kọ ewì ìlà mẹ́rìnlélógún nípa odò àti ọ̀rẹ́. Àfiwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo fi ohùn àpọ́nlé kà á sínú fóònù, mo wá ìlù gángan kan tó dùn tì í lẹ́yìn, mo sì fi gbogbo rẹ̀ bo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní alẹ́ ìṣeré, ẹ pàtẹ́wọ́. Àwọn kan dìde dúró. Mo tẹrí ba, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Lóru ọjọ́ náà mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp. Ilẹ̀ mọ́ kó tó fèsì. Ohun tó kọ ni pé: "Ewì ẹ dùn gan-an. Àmọ́ mo rí i pé ẹnu mi ń mì níbì kan. Kí ni mo sọ níbẹ̀?"

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè fèsì. Ìlà kejìdínlógún ewì mi ló wà lórí ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin akéwì ẹlẹgbẹ́ mi, àrùn wa nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wá kí ẹnu wa sinmi. Kò sóhun tí a rí tí a ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò. Nígbà tí Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn ni àwo ń gbà, ohùn ni wọ́n sì fún un. Ó bára mu. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa yìí ní ojú, ó ní etí. Bí o bá ní ewì nípa odò, mú un wá fún ìwé yìí, a óò kà á. Má lọ gbé e gun odò lórí. Má sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó ṣe bí ẹni tó ń ronú. Jẹ́ kó jókòó. Tó bá fẹ́ yánu, kó yán. Tó bá fẹ́ họra, ara rẹ̀ ni.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ń lọ sódò yẹn, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí àwọn tó ń fọṣọ tó dé. (Bí wọ́n bá sì dé, ẹ má lé wọn. Ìró aṣọ lára òkúta dára.) Mú ọ̀rẹ́ kan dání, ọ̀kan péré. Gba iná sí fóònù rẹ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá mú iná wá. Pa nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀ kí ẹni tó ń wá owó má baà pè ọ́ sáàárín ẹ̀. Gbé e lé orí nǹkan; ọwọ́ máa ń gbọ̀n, òkúta kì í gbọ̀n. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, fi ara rẹ dí i. Ka ení, èjì títí dé ọgọ́ta, lẹ́ẹ̀mejì, kí o tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò pa á rẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Kò kọ nǹkan kan padà, ó kàn rẹ́rìn-ín sínú fóònù, ó fi ẹ̀rín náà ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá bá mi ní yàrá, màá fi Xender fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ ká tún gbé e sára ògiri ní alẹ́ ìṣeré ọdún yìí, mo ti ṣe tán. Ẹni tó bá fẹ́ súfèé, kó jọ̀ọ́, kó dúró dé ìṣẹ́jú kẹta ná.