Ìyá Odi Ló Ń Gbọ́ Èdè Odi: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ẹ̀yà Inú Sáfà

“Ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi.” Ìyìn ìyá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú òwe yìí. Odi kò lè fọhùn, àmọ́ bó bá gbọ́wọ́ sókè tàbí tó yíjú padà, ìyá rẹ̀ ti mọ̀ bóyá ebi ló ń pa á tàbí orí ló ń fọ́ ọ. Ìkìlọ̀ sì wà lábẹ́ ìyìn náà: bí ìyá bá re ọjà, ta ni yóò gbọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí báǹkì, yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń kó iṣẹ́ wọn lé, ti ń wá ìdáhùn sí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀yà pọ̀ nínú sáfà kan: fáànù, ẹ̀rọ tó ń gba iná wọlé, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, díìsìkì, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fáànù lè yàtọ̀ sí èyí tó ṣe káàdì. Láàárín gbogbo wọn ni chip kékeré kan wà tó ń ṣe alábòójútó, tí wọ́n ń pè ní BMC. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀. Kódà bí wọ́n bá pa sáfà, níwọ̀n ìgbà tí wáyà rẹ̀ bá ṣì wà lára iná, BMC kò sùn. Òun ló ń béèrè àlàáfíà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tó sì lè gba àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn kó pa ẹ̀rọ tàbí kó tan án.

Orí wáyà tínínrín méjì ni ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè náà ń gbà. Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé ètò yìí, I2C, jáde lọ́dún 1982. Intel sì gbé SMBus lé orí rẹ̀ lọ́dún 1995. Wáyà kan ń gbé ọ̀rọ̀, èkejì ń lu ìlù tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn. BMC yóò pe nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ yóò jẹ́ ẹ, yóò sì fi iye kan ránṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iye náà bá jẹ́ 80, ó lè jẹ́ ọgọ́rin dígírì lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan, kó sì jẹ́ ogójì lọ́dọ̀ òmíràn tó ń fi ìdajì dígírì kà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe sẹ́ńsọ̀ mọ èyí tó jẹ́. Ìyá odi nìyẹn.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìwó, yunifásítì tí àwọn Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 ń jẹ́ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tí ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1858. Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde láti 1843. Ìlànà àkọtọ́ oníkálukú yàtọ̀ síra, àfìgbà tí ìpàdé kan jókòó ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí lẹ́tà tí gbogbo wọn yóò máa lò. Ará Ìwó, ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì kò torí èyí gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, síbẹ̀ wọ́n lè ka ìwé kan náà.

Nínú ọ̀rọ̀ sáfà, ìlànà àjọlò kan tí wọ́n ń pè ní IPMI ló ṣe bẹ́ẹ̀. Intel, Dell, HP àti NEC ló gbé e jáde lọ́dún 1998, ẹ̀dà kejì rẹ̀ sì dé lọ́dún 2004. Ó mú kí ènìyàn lè bá BMC sọ̀rọ̀ láti ìta láìbìkítà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àléébù ńlá kan wà lára rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀. BMC tó ń sọ IPMI ẹ̀dà kejì lè fún àlejò tí kò tí ì wọlé ní àmì tí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù ṣe. Àlejò náà yóò jókòó sílé rẹ̀, yóò máa dán an wò títí yóò fi rí páswọ́ọ̀dù gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ewu yìí lọ́dún 2013. Kò yẹ kí ojú ọ̀nà BMC ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba rárá.

Ọ̀nà ìta ni IPMI ṣí; ẹgbẹ́ aṣèlànà DMTF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, ló wọ inú ilé lọ, sáàárín àwọn ẹ̀yà. MCTP, tó jáde lọ́dún 2009, ń bójú tó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn ẹ̀yà: ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà, ìyókù kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá wáyà méjì SMBus ni ọ̀rọ̀ gbà tàbí ojú ọ̀nà PCIe tó yára jù ú lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, PLDM ló ni ín. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀: bóyá dígírì ló ń kà, báwo ló ṣe ń kà á, ibo ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. BMC yóò ka àkọsílẹ̀ yìí, kò sì ní í ṣi ogójì mú fún ọgọ́rin mọ́. Nípasẹ̀ PLDM kan náà ni BMC fi lè fún káàdì ní firmware tuntun, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń gbé inú ẹ̀yà fúnra rẹ̀. SPDM dé lọ́dún 2019 láti yẹ ẹ̀yà wò: káàdì yóò mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, yóò sì dáhùn ìbéèrè tí ayédèrú kò lè dáhùn. Redfish, ti ọdún 2015, ni ilẹ̀kùn ìta tuntun, tó ń lo ọ̀nà HTTPS tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìwó ju ibi tí wọ́n ti ń ṣe sáfà lọ. Ìyá jìnnà níbí. Amẹ́ríkà, Taiwan àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ náà wà, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ aṣojú wọn fìdí kalẹ̀ sí. Bí eruku ọyẹ́ bá dí fáànù sáfà kan ní Ìwó lóru, ẹ́ńjínníà tó wà ní Òṣogbo lè gba ọ̀nà tó ní ààbò wọlé sí BMC, kó tẹ àdírẹ́sì tó ní /redfish/v1 nínú, kó rí fáànù tó ń lọ́ra àti ooru tó ń gòkè, kó sì ra fáànù tuntun kó tó gbéra. Bí sáfà náà bá ń sọ èdè ìyá rẹ̀ nìkan, yóò kọ́kọ́ wá sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá kó tún sanwó àṣẹ lórí rẹ̀. Àmọ́ bí iná IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, bá lọ tí bátìrì sì tán, BMC náà yóò dákẹ́. Kò sí ìlànà tó lè rọ́pò iná.

Èdè àjọlò yìí kò sì tí ì pé. Redfish àti PLDM fàyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti fi àṣẹ tiwọn kún un, àwọn kan sì ń fi ohun tó wúlò pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sáfà tòkunbọ̀ tó dàgbà ju Redfish lọ ló gbọ́ IPMI nìkan. Àwọn kan nínú wọn lè gba Redfish bí wọ́n bá fún wọn ní firmware tuntun, àwọn mìíràn kò lè gbà á láé. Ẹni tó bá fẹ́ ra sáfà gbọ́dọ̀ béèrè, kó tó sanwó, ẹ̀dà Redfish tó ní, ohun tó ń béèrè owó àṣẹ, àti bóyá firmware rẹ̀ ṣì ń rí àtúnṣe gbà.