Ta Ni Ó Ni Ẹran Igbó?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń ná ọjà mọ̀ pé ẹni tí kò ní èrè nínú ọjà kì í dúró ti àtẹ bí òjò bá ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ronú sí ọ̀ràn ẹran igbó ní ilẹ̀ Nàmíbíà, ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí òjò kò ti pọ̀, tí ọ̀dá sì ń bẹ ilẹ̀ náà wò lemọ́lemọ́.

Ní ọdún 1907, nígbà tí àwọn Jámánì ń jọba níbẹ̀, Gómìnà Friedrich von Lindequist ya igbó Etosha sọ́tọ̀ fún ẹranko. Pápá iyọ̀ funfun gbalasa kan wà nínú rẹ̀, gbígbẹ ni ó sì máa ń wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ìsun omi wà ní ẹ̀bá rẹ̀, níbi tí erin, kìnnìún, àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń mu omi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àlejò láti òkè òkun kò ní láti wá wọn kiri. Yóò jókòó sí ẹ̀bá omi, wọn yóò sì wá bá a. Nítorí èyí ni àlejò ṣe ń náwó wá síbẹ̀.

Àwọn Hai||om tí wọ́n ti ń ṣọdẹ nínú igbó náà kí Jámánì tó dé ńkọ́? Ní 1954, ìjọba òyìnbó Gúúsù Áfíríkà, tí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, lé wọn jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di alágbàṣe ní oko òyìnbó. Ní 2015 àwọn kan nínú wọn gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní 2019 ilé-ẹjọ́ gíga kò gbà fún wọn. Ilẹ̀ tí ìjọba òmìnira rà fún díẹ̀ nínú wọn dára, ṣùgbọ́n oko kì í ṣe Etosha.

Ní Kunene, ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀. Nígbà tí ọ̀dá àti ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa erin àti àgbánréré tán, àwọn baálẹ̀ yan ẹ̀ṣọ́ láàrin àwọn ènìyàn tiwọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1996, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn òmìnira, òfin fún àwọn ará abúlé tí ó bá kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí èrè ẹran igbó ilẹ̀ wọn, ẹ̀tọ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn olóko ńlá nìkan, tí òyìnbó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998; wọ́n ti ju 80 lọ nísinsìnyí, ilẹ̀ wọn sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún Nàmíbíà. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn ń san owó fún wọn, ó sì ń gba ọmọ wọn síṣẹ́.

Ní 2024 ọ̀dá mú gidigidi. Ìjọba pàṣẹ kí a pa ẹranko 723, erin 83 nínú wọn, kí a fi bọ́ àwọn tí ebi ń pa. Ariwo ta ní òkè òkun. Inú wa kò dùn sí pípa erin, a kò sì gbà pé ẹran 723 lè bọ́ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bínú, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí oko tirẹ̀ ni erin wọ̀ ní òru.

Ọ̀rọ̀ kan ni a ní láti bi ìjọba Nàmíbíà. Bí òfin bá lè mọ ẹ̀tọ́ àwọn ará Kunene láti 1996, kí ni ó dí i lọ́wọ́ láti kọ ìpín àwọn Hai||om nínú owó ẹnubodè Etosha sílẹ̀?