Róbọ́ọ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Rìn: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wá Àléébù Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, yálà ní Ìlá Ọ̀ràngún níbí, tàbí ní Òkè-Ìlá, tàbí ní Ọ̀rà.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń wá sí kéú lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́ ni ó ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn láàárọ̀. Níbẹ̀, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wá láti ilé. Róbọ́ọ̀tì kékeré wà lára rẹ̀: páálí tí a gé, ìdérí ìgò tí a fi ṣe ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì kékeré méjì tí a yọ lára rédíò onítéèpù tó ti bàjẹ́, bátìrì, wáyà àti súìṣì. Ọmọ tò ó tán, ó tẹ súìṣì, nǹkan kò mì. Ẹkún dé. Kíá, òbí ti gbé e lọ bá ẹni tí ń tún rédíò ṣe, ó ti sanwó, wọ́n sì ti gbé òmíràn tó ń rìn dáadáa fún ọmọ pé kí ó mú un lọ fún tíṣà.

Èrò tiwa ni pé irú òbí bẹ́ẹ̀ fi owó ara rẹ̀ ra àìmọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Máàkì lè wọlé o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún ọmọ níṣẹ́ ti sọnù. Èyí tó tún burú jù ni pé ọmọ ti kọ́ láti fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Òtítọ́ tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú, kò yẹ kí á bà á jẹ́ nílé.

Ìgbà tí róbọ́ọ̀tì bá kọ̀ tí kò rìn gan-an ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Iná ń ti bátìrì jáde, ó ń gba wáyà àti súìṣì kọjá dé ẹ́ńjìnì, ó sì ń gba wáyà kejì padà sí bátìrì. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ ni. Bí ó bá já níbì kan ṣoṣo, iná kò ní rìn. Nítorí náà, kí ọmọ máa tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ó kọ́kọ́ wo bátìrì. Bátìrì kékeré kan ní agbára fóòtì 1.5, bí méjì bá tẹ̀lé ara wọn, orí èkíní sí ìdí èkejì, ó di 3. Bí a bá kọ orí méjèèjì síra wọn, agbára ọ̀kan yóò pa ti èkejì. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè tan iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, síbẹ̀ kí ó má lè yí ẹ́ńjìnì, nítorí pé ẹ́ńjìnì ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀, kí ó fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì tààrà. Bí ó bá yí, ẹ́ńjìnì kò jẹ̀bi. Wáyà tàbí súìṣì ni kí á mú. Ṣé a bó rọ́bà orí wáyà dáadáa? Ṣé a lọ́ ọ pọ̀ kí ó le? Wáyà bàbà tín-ín-rín tí a tú lára ẹ́ńjìnì àtijọ́ ní ọ̀dà lára. Bí a kò bá fi ọ̀bẹ ha á, iná kò ní kọjá. Bí ó bá jẹ́ súìṣì ni a fura sí, kí ó yọ wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, kí ó fi wọ́n kan ara wọn. Bí róbọ́ọ̀tì bá gbéra, ọ̀daràn ti fojú hàn.

Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnì ń yí, àmọ́ róbọ́ọ̀tì kò kúrò lójú kan. Bóyá ẹrù rẹ̀ wúwo jù, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ha páálí. Bí ó bá ń pòòyì lójú kan, ẹ́ńjìnì méjèèjì ń yí lódì sí ara wọn. Kí ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì tó wà lára ọ̀kan nínú wọn. Bí wáyà bá gbóná, kí ó yọ bátìrì kíá, nítorí pé àlọ àti àbọ̀ ti kan ara wọn láìgba ara ẹ́ńjìnì kọjá. Iná ara ògiri kò sì sí nínú eré yìí rárá: fóòtì 230 ni, ó ń pani.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá yí mẹ́ta padà pọ̀ tí nǹkan sì rìn, kò ní mọ èyí tó tún un ṣe.

Àwọn kan yóò ní, kí ló kan ilé-kéú nínú róbọ́ọ̀tì? Ọ̀rọ̀ náà "robot" kò ju 1920 lọ, nígbà tí Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Czech, fi í sínú eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bàgídáàdì, ní nǹkan bí 850, àwọn ọmọ Mūsā mẹ́ta ti kọ ìwé lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ní 1206, Al-Jazari parí tirẹ̀ ní Diyarbakir, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ọgbọ̀n ẹ̀rọ àti ogún ni ó ṣàlàyé nínú rẹ̀, títí kan èyí tí ń bu omi fún ènìyàn láti fi fọwọ́. Ó sọ níbẹ̀ pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò bá tíì dán wò, a kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹni tó lè ka Lárúbáwá kò gbọdọ̀ pe èyí ní ohun àjèjì.

Ẹ tún wo Alhaji Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá wa, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé kí ó tó jáde láyé ní 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹògún. Ìran bàbá rẹ̀ kò gbẹ́ ẹ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ.

A mọ ohun tí ń ba òbí lẹ́rù: ọmọ tó ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé èyí tó ń tiro lọ, kí wọ́n fún un ní máàkì kékeré, kí ẹni tó ra tirẹ̀ sì gba ipò kìíní. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: ẹ ní kí ọmọ mú ìwé àléébù rẹ̀ wá, kí ẹ bi í pé kí ló bàjẹ́, báwo ló sì ṣe rí i. Ẹni tó rà á kò ní rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra bátìrì, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, ṣùgbọ́n ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, èyí tó ń tiro tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe sàn ju èyí tó ń sáré tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.