Àdírẹ́sì Tí Kì Í Jáde Nílé

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, bí mo ti wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àjàó Estate ni ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi níwájú. Ẹnì kan tí ó ṣèlérí láti bá a tún Gmail rẹ̀ ṣe ti fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi wọlé. Ó wọlé tán, ojú-ìwé kò ṣí, 127.0.0.1 ni ó hàn lókè. Onítọ̀hún ní kí ó da gbogbo àdírẹ́sì náà kọ ránṣẹ́ sí òun.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn. Bí áàpù orí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kí a wọlé, yóò ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan síbẹ̀, browser yóò sì gbé kóòdù ìwọlé bá a nínú ilé. Ìlànà RFC 8252 ti ọdún 2017 fọwọ́ sí i. Google tilẹ̀ fòpin sí dída kóòdù kọ lọ́wọ́ ní 2023, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí áàpù kankan tí ó ṣílẹ̀kùn lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tí ojú-ìwé fi kọ̀ láti ṣí. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni áàpù wà. Kóòdù tí yóò fi ka lẹ́tà rẹ̀ ni ó wà nínú àdírẹ́sì gígùn náà.

Ó ti dà á kọ tán. Fífi ránṣẹ́ ni ó kù.