Wọn Ò Tíì Pín In
Ìwé-pẹlẹbẹ sí àwọn tó ń dárúkọ ẹni tó máa gba ẹ̀bùn eré-onítàn kí adájọ́ tó jókòó

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin òṣèré, ẹ̀yin olùdarí eré, ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ fẹ́ràn ìran wíwò ní Àbújá,

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí láàárín wa. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ló yẹ kí eré-onítàn máa kàn nínú Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ Nigeria LNG dá sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ìtàn àròsọ, ewì àti ìwé àwọn ọmọdé ló ń pín àwọn ọdún tó kù. Owó tó wà nídìí rẹ̀ ti di 100,000 dọ́là. Bí ọdún eré bá ti pé báyìí, ọ̀rọ̀ náà á gbéra láti Area 10 ní Garki, á gba Berger kọjá, á dé Kubwa, á gun òkè Mpape lọ síbi tí abúlé Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà wà: "Wọ́n ti pín in tán." Lẹ́yìn náà ni orúkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Lágbájá ni. Ó mọ èèyàn." "Rárá o, Tàmẹ̀dò ni. Ìpínlẹ̀ wọn ló kàn." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ka eré kankan. Ẹni tó ń gbọ́ ọ náà kò ka ìkankan. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì á jọ máa mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in.

Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Irọ́ tó ń pa wá lára sì ni, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ẹni tó pa lára lójú mi.

Lọ́dún 2022, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Nyanya fi eré tó kọ hàn mí. Inú ìwé àwọn ọmọléèwé ló kọ ọ́ sí, méjì tó fi òwú rán pọ̀. Bírò búlúù ló fi kọ ohun tí àwọn èèyàn inú eré ń sọ, pupa ló fi kọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìtàn ìyá kan ni, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Ní alaalẹ́, ìyá yìí á po omi ọṣẹ, á máa fọ àmì náà kúrò lára ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àmì á ti padà síbẹ̀. A ò rí ẹni tó ń kùn ún. Ní ìran tó gbẹ̀yìn, a gbọ́ ìró katakata látòkèèrè. Ìyá náà kò sá. Ó tún omi ọṣẹ mìíràn pò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ fún un pé kó wá ilé ìtẹ̀wé, torí pé eré ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín in. Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀?" Ó ti ìwé náà bọ inú báàgì, sáàárín iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ. Kò tẹ̀ ẹ́. Adájọ́ kankan kò lé eré yẹn dànù. Gbólóhùn yẹn ló lé e.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn náà wá síwájú, ká bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ wo orúkọ àwọn tó gbà á

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni eré-onítàn ti gba ẹ̀bùn yìí. Ní 2006, Ahmed Yerima ló gbà á pẹ̀lú Hard Ground. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé ẹ rí i? Ẹni ńlá ni." Òótọ́ ni. Yerima ti di ipò gíga mú ní Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè nígbà náà, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ní 2010, Esiaba Irobi ló gbà á pẹ̀lú Cemetery Road. Irobi ti kú ní Jámánì lóṣù Kárùn-ún ọdún náà, kí wọ́n tó kéde orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń gbà á, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Òkú kì í gbé fóònù. Òkú kì í lọ kí ọ̀gá kan ní Maitama lálẹ́. Eré tó kọ sílẹ̀ nìkan ló kù tó lè gbẹnu sọ fún un, eré náà sì sọ̀rọ̀.

Ní 2014, Sam Ukala gbà á pẹ̀lú Iredi War, eré tó dá lórí bí àwọn ará Owa, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ṣe dìde sí àwọn Òyìnbó amúnisìn lọ́dún 1906. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ogun Owa ní Àbújá kí ìwé náà tó jáde?

Ọdún 2018 ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níbí. Eré mẹ́ta ló kù lórí àtòkọ ìkẹyìn. Denja Abdullahi ló kọ ọ̀kan, Death and the King's Grey Hair. Àbújá níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-Èdè fún Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà, òun sì ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà lọ́dún yẹn gan-an. Akanji Nasiru, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ eré, ló kọ èkejì, The Rally. Ẹ̀kẹta ni Embers, tí Soji Cole láti Yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé, tí wọ́n ń jìyà nínú ibùdó tó yẹ kó jẹ́ ààbò fún wọn. Ẹ gbé àwọn mẹ́ta yìí sórí òṣùwọ̀n "ta lo mọ̀?" Ta ni kò ní tẹ́tẹ́ lé Ààrẹ ẹgbẹ́? Soji Cole ló gbà á. Àbùkù kọ́ ni fún Abdullahi, nítorí ẹni tó bá dé inú mẹ́ta ti ṣiṣẹ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló ń gba ẹ̀bùn yìí, ọdún yẹn ló yẹ kó gbà á.

Ní 2023, eré 143 ló wọlé. Grit tí Obari Gomba láti Yunifásítì Port Harcourt kọ ló gbégbá orókè. Ẹni márùn-ún lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá sì ní eré nìkan ni mo ń wò, ẹ wo ọdún ìtàn àròsọ, 2016. Chika Unigwe, tó ti gba ẹ̀bùn yìí kan náà ní 2012, wà lórí àtòkọ ìkẹyìn. Abubakar Adam Ibrahim, oníròyìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá wa yìí nígbà náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Season of Crimson Blossoms. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣíwájú ẹni tó ti gbà á rí.

Ta ni wọ́n pín in fún lọ́dún 2009?

Àwọn kan ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀, pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pín in kárí. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ìlú tí à ń gbé nìyí: bí wọ́n bá fẹ́ gba akọ̀wé mẹ́wàá, a ó kọ́kọ́ béèrè ìpínlẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ojú tó ti mọ́ ìyẹn lára á máa rí i níbi gbogbo, títí kan ibi tí kò sí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún wọn. Ní 2004, ọdún tí ẹ̀bùn náà bẹ̀rẹ̀, àwọn adájọ́ ní kò sí ìwé tó tó o gbà. Ní 2009, ọdún ewì, ìwé mẹ́sàn-án wà lórí àtòkọ, wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ní 2015, ìwé ọmọdé 109 ló wọlé, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìpínlẹ̀ wo ló gbà á láwọn ọdún yẹn? Ojúlùmọ̀ ta ni? Ẹni tó bá ti pín ẹran sílẹ̀ kì í sọ ẹran nù lójú àwọn tó ṣèlérí fún. Ẹ lè bínú sí àwọn adájọ́ ọdún mẹ́ta yẹn; ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé bínú nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé wọ́n ti pín in.

Ẹni tí wọ́n dárúkọ jù kọ́ ló ń gbà á

Ẹ jẹ́ ká jáde nílé díẹ̀, kí ẹ má bàa ní ọ̀rọ̀ ilé wa ló rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2009, eré olórin Fela! wọ Broadway ní New York. Nígbà tí ẹ̀bùn Tony ti 2010 ń bọ̀, ẹ̀ka 11 ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, kò sí eré tó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún náà. Inú wa dùn níbí, a ti ń ka ife ẹ̀yẹ sílẹ̀. Mẹ́ta ló gbà: ijó, aṣọ àti ètò ìró. Memphis ló gba ti eré olórin tó dára jù.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Nínú ẹ̀bùn Tony, dídárúkọ eré yàtọ̀ sí dídìbò. Ìgbìmọ̀ kékeré kan ló ń dárúkọ, àwọn olùdìbò sì tó bí 800. Ẹni tó bá ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ eré, tó wá ní òun ti mọ ẹni tó máa borí, ti fi ẹnu àwọn kan sọ ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn oníròyìn ti ń fi ojoojúmọ́ ayé wọn wòran, báwo ni ẹni tí kò wòran rárá ṣe máa mọ̀ ọ́n ní Wuse?

"Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ mi ṣẹ"

Mo ti gbọ́ èyí náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní eré mẹ́ta ló kù, tí ọgbọ̀n èèyàn sì di ojú wọn, tí oníkálùkù dárúkọ ọ̀kan. Á tó èèyàn mẹ́wàá tí tiwọn máa ṣẹ láìjẹ́ pé wọ́n mọ ohunkóhun. Àwọn mẹ́wàá yìí la máa gbọ́ ohùn wọn: "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé mi ò sọ ọ́?" Ogún tó kù á dákẹ́, a ò sì ní rántí pé wọ́n sọ nǹkan kan. Nígbà tó bá di ọdún mìíràn, àwọn mẹ́wàá ti di aríran láàárín wa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, ẹ bi í ní ìbéèrè yìí kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni: "Ní ìran tó gbẹ̀yìn eré náà, ta ló wà lórí ìtàgé?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà, tirẹ̀ kò sì tó ìròyìn pàápàá.

Àṣìṣe yàtọ̀ sí àdéhùn

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni adájọ́. Èèyàn ni wọ́n. Ohun tó dùn létí ẹnì kan lè máà dùn létí ẹlòmíràn. Adájọ́ lè ṣàṣìṣe, ó lè fi eré tó dára sílẹ̀ kó mú èyí tí kò tó o. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé, ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ tọ́ka sí ojú-ìwé tí wọ́n ti ṣì í. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì ń gba kíkà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀rí pé èrú ṣẹlẹ̀, kó gbé e jáde ní gbangba.

Ṣùgbọ́n "wọ́n ti pín in" kì í ṣe ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Àwa tilẹ̀ ń dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn náà ń yọ wá nínú wàhálà ìwé kíkà. Ó ń gba ọ̀lẹ lọ́wọ́ ìtìjú, torí ẹni tí kò kọ nǹkan kan á lè sọ pé bí òun bá kọ ọ́, wọn ò ní fún òun. Ó sì ń já ògo gbà lórí ẹni tó borí: a máa ń kí i kú oríire, a sì tún ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé ta ló ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Bí ètò náà bá lọ bó ṣe ń lọ, eré-onítàn á tún kàn lọ́dún 2027. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba èyí tó wà nínú báàgì. Ẹni tó bá ní eré nílé, àsìkò ti tó láti gbé e jáde: ẹ jẹ́ kí àwọn òṣèré kà á sókè, ẹ tún ibi tó wọ́ ṣe, ẹ wá ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dárúkọ ẹni tó máa borí, mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ kà wọ́n tán ná. Nígbà náà, bí ẹ bá sọ pé eré kan ló tọ́ sí, ọ̀rọ̀ yín á wúlò fún ẹni tó kọ ọ́, ì báà gbà á, ì báà má gbà á.

Mo padà lọ bá olùkọ́ Nyanya. Ìwé olówùú náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́jọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní Mpape, a sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó kan ibi tí ìyá náà ti ń po omi ọṣẹ nígbà tí katakata ń bọ̀, ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ kó tó lè máa bá a lọ. Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ti ń wá ilé ìtẹ̀wé báyìí.