Bóòtù tó ṣá kò tíì kú

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kan tọ̀tún-tòsì: àwọn kan lè rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀mí àwọn mìíràn sì wà nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò sí létí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà lójú títì márosẹ̀, tó gba Sányà kọjá, kò ní pẹ́ dé Mile 2 bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èbúté wà níbẹ̀ tí bóòtù ti ń kó èrò. Bóòtù onípákó ṣì wà lórí omi Èkó, àmọ́ fáíbà ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé èrò báyìí. Ẹ wo ara wọn dáadáa. Èyí tó pupa bí ata rodo nígbà tó wà ní tuntun ti ràn, ó ti di pupa rúsúrúsú. Èyí tó dúdú bí aró ti di eérú.

Ẹni tó ni bóòtù á pe ẹni tó ń kun mọ́tò, á ní: "Ọ̀gá pẹ́ńtà, ẹ bá mi kun ún jàre, ó ti ṣá." Pẹ́ńtà tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á yára wọ́n ọ̀dà mọ́tò lé e lórí. Kó tó pẹ́, ọ̀dà ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Owó gbé, orúkọ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí bóòtù náà má nílò ọ̀dà rárá!

Kí ló ń jẹ́ kó ṣá? Oòrùn ni. Fáíbà kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe pákó. Òwú gíláàsì ni wọ́n tẹ́ lé ara wọn, tí wọ́n fi oje kan tó máa ń le gbagidi lẹ̀ pọ̀. Awọ aláwọ̀ kan ló wà lókè pátápátá, gelcoat ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kùn sínú móòdù kí wọ́n tó tẹ́ òwú gíláàsì lé e. Tínínrín ni; bí ìdajì mìlímítà ni nípọn rẹ̀, kò tó káàdì tí a fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì. Oòrùn á máa jẹ ojú awọ yìí títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ẹ ó rí funfun bí ẹfun. Ìyẹ̀fun yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ ta omi sí i. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá padà nígbà tó tutù, tó tún ṣá nígbà tó gbẹ, àwọ̀ ṣì ń bẹ lábẹ́ ìyẹ̀fun. Bóòtù yẹn ṣì ṣeé mú dán. Irinṣẹ́ tó sì máa ṣe é kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ẹ gbé bóòtù sábẹ́ ibòji. Ẹ fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ iyọ̀ àti epo kúrò lára rẹ̀. Ẹ ta acetone díẹ̀ sí aṣọ, ẹ fi nu ìda àtijọ́ kúrò; iná àti sìgá kò gbọdọ̀ wà nítòsí o.

Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló ṣá, kọ́ḿpáùn tí ẹ fi ń dán mọ́tò ti tó. Bó bá ṣá gan-an, ẹ mú sáńpépà olómi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 800, ẹ lọ sí 1000, kí ẹ parí rẹ̀ sí 1500. Ẹ máa da omi ọṣẹ sí i, kí ẹ sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ sábẹ́ pépà kí ìka má baà gbẹ́ ihò sí i. Omi yìí náà ni kò ní jẹ́ kí eruku gíláàsì wọ àyà ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi pépà gbígbẹ ha á, kó lo ìbomú, kó sì bo ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ḿpáùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́, ẹ ṣe ẹsẹ̀ bàtà méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a dúró sójú kan, kó má jó o. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe etí àti igun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìda pa á lẹ́ẹ̀mejì. Bí bóòtù bá ń sùn nínú oòrùn, kí wọ́n tún ìda pa ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n sì máa fi tapólì bò ó. Apá tó ń wà nínú omi kò fẹ́ ìda. Ó ní ọ̀dà tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ra o! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ha á ni awọ yẹn ń tín-ín-rín sí i. Bí ojú òwú gíláàsì bá ti ń hàn, ẹ dáwọ́ dúró. Gelcoat tuntun tàbí ọ̀dà bóòtù gan-an ló kàn, kì í ṣe kọ́ḿpáùn mọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí: gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bóòtù lè dán bí dígí kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fi ìdí ṣíbí kan ara rẹ̀ káàkiri, kí ẹ tẹ́tí. Ibi tó bá dún gan-an-gan ṣì le; ibi tó bá dún bò, omi lè ti wọ ibẹ̀, tàbí kí òwú ti ya kúrò lára ara wọn. Ẹ wo ibi tó sán, ẹ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń rọ̀ bí tìmùtìmù. Ẹ má fi bọ́dì fílà mọ́tò dí ibi tó sán. Ó máa ń mu omi. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín pé: "Ẹ̀gbọ́n, mímú dán kò le, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún fáíbà ṣe ni kó kọ́kọ́ rí ibí yìí." Bó bá ní kí ẹ ṣáà bò ó, ẹ gbé irinṣẹ́ yín, ẹ máa lọ. Owó yẹn kò tó ẹ̀mí èèyàn.

Ẹ̀yin ìyá wa náà, ẹ má fi dídán yan bóòtù. Ìjọba Èkó dá LASWA sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa bójú tó ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ojú tiyín ló kọ́kọ́ máa débẹ̀. Bí omi bá kún ìsàlẹ̀ bóòtù, bí ẹ̀wù adáàbòbò kò bá kárí, bí èrò bá pọ̀ jù, ẹ dúró de òmíràn. Ọjà ń dúró deni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, kó mú sáńpépà àti kọ́ḿpáùn dání lọ sí èbúté. Kó dán ibi kékeré kan níṣojú ẹni tó ni bóòtù. Ibi tó dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣá ni yóò bá a dúnàádúrà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.