Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀: Èèyàn mélòó nínú wa ló ní i?

Bí wọ́n bá ṣe síkáànù ikùn fún ẹnì kan, tí wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Dókítà, èmi tí n kì í mutí?" Ọtí lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn yìí ń mú ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí. Ara sísanjù, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ga ló sábà máa ń bá a rìn. Kì í sábà dunni. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀dọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, tàbí kó di jẹjẹrẹ.

Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti ka àwọn tó ní i. Ẹni tí nǹkan kan ò dùn kì í lọ sí ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká fi Tema, ìlú èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra ní Ghana, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá jókòó sí ọsibítù ká máa ka àwọn tó ń wọlé, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, iye tí a bá rí yóò sì ju ti ìlú lọ. Bí a bá sì lọ ka àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté nìkan, àwọn tí ara wọn ṣì gba iṣẹ́ agbára la ó rí, iye náà lè kéré jù. Ohun tó tọ́ ni ká fi kèké mú ilé láti Community 1 lọ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ká kan ilẹ̀kùn, ká sì ṣe síkáànù fún ẹni tí kèké bá mú, yálà ara rẹ̀ yá tàbí kò yá.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní LUTH, l'Ékòó, tó jáde ní 2016, rí i lára ìdá 16.7 nínú 100 àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Láàárín àwọn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ìdá 1.2 péré ni. Èwo nínú méjèèjì ni ti Èkó? Kò sí ọ̀kankan.

Ní Dallas, l'Ámẹ́ríkà, kèké ni wọ́n fi mú àwọn aráàlú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ MRI wo ẹ̀dọ̀ wọn. Èsì tó jáde ní 2004 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 ló ní i. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 24. Èyí tó yẹ kó kàn wá jù ni pé ìdá 79 nínú 100 àwọn tó ní i ni èsì ẹ̀jẹ̀ ALT wọn dára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ì bá ti sọ fún wọn pé kò séwu.

Ghana náà mọ bí wọ́n ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní 2014, nǹkan bí obìnrin mẹ́rin nínú mẹ́wàá, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Níbi tí ara sísanjù bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ máa ṣọ̀wọ́n. Síkáànù pàápàá kì í sábà rí i bí kò bá tíì pọ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀dọ̀.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa kà yín. Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ikùn yín ń yọ síwájú, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò, kó sì bá yín ṣírò FIB-4. Ọjọ́ orí yín àti èsì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ti ń le. Ẹni tó wúwo tó kílò 90, bó bá fi kílò 7 sí 9 jò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́ gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, nítorí àwọn míì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ fi omi rọ́pò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nínú báàgì iléèwé ọmọ yín.

Bí àwọn olùṣèwádìí bá sì kan ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń wá jù.